Kókósẹ̀ Apá Àlàáfíà

Ọlọ́run Ọba tó dá ẹsẹ̀ méjì fún ọmọ ènìyàn, Òun nìkan ló mọ ìdí tí kò fi dá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ká ní ó dá wọn bẹ́ẹ̀ ni, ara Oyèkànmí ajórin ìbá balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí.

Ọjọ́bọ̀ ni Alhaja Wosilat, onílé rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá ní Ajégúnlẹ̀, tó na tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ sí ọkọ̀ tó wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń nàka sí olè.

"Oyè, àwọn bíríkìlà mi ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ibi tí nǹkan yìí dùbúlẹ̀ sí gan-an ni wọ́n ti máa gbẹ́ ìpìlẹ̀."

"Ẹ má bínú, Alhaja. Ó máa jáde."

"Ó máa fi kí ni jáde? Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Mo ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Bí kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, wọ́n á fi ayùn gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ilẹ̀ bàbá mi ni ibí yìí, kì í ṣe ibojì ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ ibojì yẹn ló dun Oyèkànmí jù. Ohun tí kò tíì rìn rí, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ sin ín? Àgbàlá yẹn ni wọ́n bí ọkọ̀ náà sí, kò sì tíì kúrò lójú kan láti ọjọ́ tó ti ń gbára jọ.

Nígbà tí Oyèkànmí ṣì ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá, kété lẹ́yìn òmìnira, ó rí i tí kírénì gbé ọkọ̀ pupa kékeré kan sókè láti inú ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ náà kò ní òrùlé, ènìyàn méjì péré ló lè gbà, imú rẹ̀ sì gùn bíi ti ajá ọdẹ. Ó ń yí nínú àwọ̀n lókè lọ́hùn-ún, oòrùn ń ta sí i lára, Oyèkànmí sì gbàgbé pé àpò wà lórí òun. Àpò já bọ́. Fọ́máànù bú u tìyá-tìyá. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó kọ́ irin jíjó, ó ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó gbéyàwó, ó bímọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ pupa yẹn kò yé fì lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní òun ó kan tòun.

Irin ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò ìsìnkú. Ó ń kó wọn wálé láti ibi tí ọkọ̀ bá ti dànù, láti ẹ̀yìn ilé mẹkáníìkì, láti inú gọ́tà pàápàá. Rekiat ìyàwó rẹ̀ a máa kúnlẹ̀ kí ọkọ̀ náà láàárọ̀ pé, "Ìyálé mi, ṣé ẹ jí dáadáa? Ọkọ wa ò wálé sùn, ọ̀dọ̀ yín ló wà." Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn pè é ní ọmọ àlè. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìyá Oyèkànmí, arúgbó tó ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló dá wọn lóhùn. Ìyá yìí kò mọ̀wé. Àdúrà àti oríkì ni wọ́n fi tọ́ ọ, àwọn náà ló sì fi tọ́ ọmọ. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

Ọkọ̀ ọlọ́pọ̀ bàbá, má dáhùn bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́mọ àlè.
Ẹni bàbá rẹ̀ bá pọ̀, ogún rẹ̀ ló pọ̀.
Mọ́ríìsì tó kú sí Yábàá ló bí ẹsẹ̀ rẹ,
Ọ́sítìn tó wó ní Ìjọra ló bí ọkàn rẹ,
Dúrọ́ọ̀mù epo ni wọ́n fi rán agbádá fún ọ.
O ò lórùlé, ojú ọ̀run ni fìlà rẹ.
Dìde ńlẹ̀, ọmọ irin.
Ẹni bá jókòó pẹ́ ni ìpẹtà ń bẹ̀ wò.

Nítorí oríkì yìí ni Oyèkànmí ṣe ṣèlérí fún un. Àga méjì ló wà nínú ọkọ̀: ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti ìyá rẹ̀. Ìyá ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gùn ún. Arúgbó náà sì ń darúgbó sí i lójoojúmọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Irin kan wà lẹ́yìn táyà iwájú, òun ló ń jẹ́ kí táyà yí lọ yí bọ̀ bí dírẹ́bà bá ti yí ọwọ́. Àwọn mẹkáníìkì ní orúkọ òyìnbó fún un. Kókósẹ̀ ni Oyèkànmí ń pè é, nítorí iṣẹ́ kókósẹ̀ ló ń ṣe. Ó ti rí ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ti ẹsẹ̀ kejì ló ń wá láti ìgbà òjò tó kọjá.

Ẹsẹ̀ kejì. Bí òun ṣe ń pè é nìyẹn. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín "ṣà" àti "sà". Bó bá fẹ́ kí ènìyàn kú iṣẹ́, "ẹ kú isẹ́" ni. Bó bá wá kan apá tó kọjú sí ọ̀tún, apá òsì tí gbogbo ayé ń pè láìbẹ̀rù, ohun tó ń jáde lẹ́nu tirẹ̀ kò yàtọ̀ rárá sí òṣì tí à ń gbààwẹ̀ kó má bàa mọ ilé wa. Nítorí náà ló ṣe lé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ilé. "Apá àlàáfíà" ló ń pè é. Ọmọ tó bá ṣèèṣì pe èkejì, dandan ni kó fi omi yọ ẹnu. "Ohun téèyàn bá pè ló ń dáhùn," ni ìyá máa ń wí. Kò sì gbà kí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì yí i po. Ó ní bí a bá fi èdè òyìnbó pe ejò, ejò náà ni yóò jáde.

Oyèkànmí ti pẹ́ l'Ékòó, irun ti ń funfun létí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí. Níwájú ẹni tó ń ta irin, "apá dírẹ́bà" ni ọ̀tún, "apá èrò" ni èkejì. Gbogbo ọjà ló yé.

Láàárọ̀ Jímọ̀, oúnjẹ kò lọ. Ó gbé ẹ̀kọ mì lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Ó jókòó, ó tún dìde.

"Àkànmú," ni ìyá rẹ̀ pè é láti orí ẹní, "sé ilẹ̀ ń jó ọ lẹ́sẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Mo fẹ́ jáde ni."

"Olúwa á síwájú rẹ. Ohun tó ò ń wá, á máa wá ìwọ náà."

"Àmín, Ìyá."

Ó gba Creek Road lọ, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rù àti tírélà tó tò gbọọrọ, títí ó fi dé ọgbà Benson. Benson jẹ́ Ìbìbíò, ó gbọ́ Yorùbá ju ẹlòmíràn tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó bá ní jàǹbá ló ń rà, á tú u palẹ̀, á tò ó sórí tábìlì bí alápatà ṣe ń to ẹran.

"Ajórin, o tún dé. O kì í sùn ni?"

"Oorun kẹ̀? Benson, mo gbọ́ pé kókósẹ̀ Mọ́ríìsì wọlé fún ọ."

"Ó wọlé. Méjèèjì wà. Ṣé kí n dì wọ́n pọ̀?"

"Ọ̀kan ni mo fẹ́. Mo ti ní èkejì."

"Which side?"

"Apá èrò."

"Passenger side?"

"Apá èrò, Benson. Àwọn tó kàn jókòó, tí ẹlòmíràn ń wà lọ."

"Èmi pàápàá, èrò ni mo jẹ́ láyé yìí," ni Benson wí. Ó wọlé, ó gbé irin kan jáde nínú àpò sìmẹ́ǹtì, gírísì bò ó lára bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Geéètì ọgbà tí Oyèkànmí ti bá a jó ni wọ́n fi ṣe owó rẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Oyèkànmí gbé irin lé èjìká, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti Creek Road títí dé Ajégúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gírísì ń kán sí i lọ́rùn.

Patrick ń dúró dè é nínú àgbàlá. Ọmọ Wáàrí ni Patrick, ó ń lu pánẹ́ẹ̀lì, yàrá tirẹ̀ kọjú sí ti Oyèkànmí. Òun ló bá a lu dúrọ́ọ̀mù tó di imú ọkọ̀. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ara kókósẹ̀ yìí ní ojú tó yí po bíi ti ọrùn ìgò, idẹ kan ló sì máa ń wé mọ́ ọn. Idẹ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Oyèkànmí gbé e lé e, ó yí i. Kò wọ̀. Ó nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní bísímílà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Aládùúrà ni. Kò wọ̀.

Patrick gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀tún tó ti wà lára ọkọ̀. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Bros, they be the same. Bákan náà ni wọ́n yí, òdìkejì ló sì yẹ kí ti ẹsẹ̀ kejì yí sí. Ọ̀tún lo tún lọ gbé wá. Mótò tó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì, na which dance e wan dance?"

"Apá èrò ni mo ní kó fún mi."

"Èrò ti kó lọ sí ọ̀tún. Since April. Ìjọba ní ká máa wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, àwọn mótò tó ń wọlé báyìí, dírẹ́bà wọn ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣé o ò gbọ́ rédíò ni?"

Ó gbọ́ o. Ta ni kò gbọ́ lọ́dún 1972? Orin ni rédíò fi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tirẹ̀ kò tíì dé títì, kò sì rò pé òfin títì lè wá bá òun nílé.

"Kí ló dé tó ò kúkú sọ pé..." Patrick yanu.

Oyèkànmí yára fi ọwọ́ dí i lẹ́nu, ó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Kí ni Pátíríìkì fẹ́ sọ?" ni ìyá rẹ̀ béèrè láti inú ilé.

"Kò fẹ́ sọ nǹkan kan, Ìyá."

Ó gbé irin tó ṣèèṣì mú wá padà lé èjìká, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré padà sí Creek Road. Benson ń jẹun nígbà tó wọlé. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"You say passenger. Passenger ni mo fún ọ."

"Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, gbé èkejì fún mi."

"Ebiere apẹja ti gbé e. Ìdákọ̀ró rẹ̀ já, ó ní òun fẹ́ irin tó wúwo. Kò pẹ́ tó kọjá sí Snake Island."

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ ẹlòmíràn dúró. Oyèkànmí kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dé etí omi, ó bẹ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tukọ̀ lọ sọ́hùn-ún pé kó gbé òun. Lójú omi, àwọn bájì tó kún fún ẹrù ń lọ jẹ́jẹ́ lápá Kìríkìrì, bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Oyèkànmí ń dìde, ó ń jókòó, ọkọ̀ ń mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fìdí mọ́lẹ̀," ni atukọ̀ wí. "Bẹ́ ẹ bá rì, irin yẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ léfòó."

Ebiere, ìyá Ìjọ̀ kan tó sanra dáadáa, wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ létí erékùṣù, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Okùn kan ti inú ọkọ̀ náà lọ sísàlẹ̀ omi. Oyèkànmí rí okùn yẹn, ó mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

"Màdáámú, ẹ kú iṣẹ́. Irin tí ẹ rà lọ́dọ̀ Benson, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi èyí pààrọ̀ rẹ̀."

Ebiere wo irin náà, ó wo ojú ẹni tó gbé e. Ọjà Ajégúnlẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá, ó yá lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọba àti ọmọdé, "o" ló ń pè wọ́n.

"Irin rẹ kò dára?"

"Ó dára."

"Tèmi dára ju tìrẹ?"

"Bákan náà ni wọ́n wúwo."

"Bákan náà. O wá gun omi nítorí bákan náà." Ó ju àwọ̀n sílẹ̀. "Wetin dey inside my own?"

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, màdáámú. Ti apá kan ni èyí, ti apá kejì ni tiyín."

"Apá kejì wo?"

Oyèkànmí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Apá àlàáfíà."

Ebiere ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Àlàáfíà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Tèmi ní àlàáfíà, tìrẹ kò ní. O fẹ́ kó àlàáfíà kúrò nínú ọkọ̀ mi, kí o gbé ìjà sílẹ̀ fún mi. Kété tí mo ju irin yẹn sómi lọ́sàn-án, ẹja wọ àwọ̀n. Ó dúró síbẹ̀."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ lásán ni."

"Orúkọ lásán, o ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé táyà, ó ṣàlàyé dírẹ́bà àti èrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni irin náà ń níyì sí i lójú Ebiere. Oòrùn ti ń rọra tẹ̀ sápá òkun. Oyèkànmí rí ayùn lọ́kàn rẹ̀, ó rí i tí wọ́n ń gé imú ajá ọdẹ rẹ̀ lulẹ̀, ó rí àga tí ìyá rẹ̀ kò ní í gùn mọ́ láyé. Ahọ́n Ìbàdàn tó ti fi pamọ́ láti kékeré gbéra.

"Òsì ni," ló wí. "Màdáámú, irin tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, òsì ni."

Ebiere dìde tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi gbọ̀n. Nínú ọjà tó ti kọ́ èdè, kò sẹ́ni tó ń nàka ọ̀nà hàn án kó lè mọ orúkọ apá kejì. Èébú ni wọ́n ń bú níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló sì mọ̀ tó dún bẹ́ẹ̀.

"Òṣì? Nínú ọkọ̀ èmi Ebiere?"

Ó ti ń fa okùn. Omi ń ṣàn lára okùn, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Benson mú òṣì, ó tà á fún mi. Kò burú. Èmi àti ẹ̀ máa ríra." Irin náà yọ jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀. Ó tú okùn, ó gbé e sọ sí etí bèbè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Oyèkànmí lẹ́sẹ̀. "Gbé òṣì rẹ, máa lọ."

Oyèkànmí la ẹnu láti ṣàlàyé pé èyí kọ́ ni tọ̀hún. "Kì í se òsì tẹ́ ẹ rò, òsì ni." Ọ̀kan náà ló jáde. Ó gbé irin tó mú wá sínú ọkọ̀ obìnrin náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ọ̀tún nìyẹn, màdáámú."

"Ọ̀tún dára," ni Ebiere wí. "Ọ̀tún la fi ń jẹun."

Nígbà tó ń padà lọ, irin tútù náà wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n yọ nínú odò. Ohun tó wá kò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan. Wọ́n ti ní kó gbé òṣì lọ sílé, òun náà sì gbé e. Ó bu omi ọ̀sà, ó fi yọ ẹnu. Iyọ̀ ni. "Olúwa," ló ń wí lábẹ́lẹ̀, "Ìwọ tí kì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, èyí tí mo ní lọ́kàn ni kí o gbọ́."

Láàárọ̀ Sátidé, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, òun àti Patrick ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Oyèkànmí gbé idẹ lé ojú irin, ó yí i sí apá tí kò fi ọwọ́ yí nǹkan sí rí. Ó wọ̀. Ó ń yí lọ láìkọ́, bí ìgbà tí a bá da epo sọ́nà ọ̀fun. Wọ́n gbé táyà lé e. Wọ́n ṣì ń de nọ́ọ̀tì ìkẹyìn lọ́wọ́ tí àwọn bíríkìlà fi wọlé, ṣọ́bìrì léjìká, Alhaja Wosilat lẹ́yìn wọn.

"Oyè, ilẹ̀ ti mọ́."

"Ẹ kú àárọ̀, Alhaja. Ẹ fún wa láyè díẹ̀."

Ìyá jáde pẹ̀lú gèlè tuntun. Kò tíì sí ẹni tó pè é. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tuntun náà kó tó wọnú ọkọ̀.

"Èyí tó yọ wá lẹ́nu tó báyìí, ti apá wo ni?"

"Ti apá tí ẹ máa jókòó sí, Ìyá."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó sì gun ọkọ̀. Oyèkànmí jókòó sórí àga tirẹ̀, ó tẹ irin tó ń jí ọkọ̀. Ọkọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì lélẹ̀ wò, ó ń wojú Alhaja. Oyèkànmí tún tẹ̀ ẹ́. Ó wúkọ́, ó ké, ó bú ramúramù, adìẹ tú ká, Rekiat pariwo láti inú ilé pé ìyálé òun ti jí. Ọkọ̀ mì, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Alhaja yẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó kúkú lẹ́sẹ̀," ló wí, tẹ̀sùbáà rẹ̀ kò sì dúró. Kí táyà ẹ̀yìn tó kọjá ẹnu ọ̀nà tán, ṣọ́bìrì ti wọlẹ̀.

Títì ni wọ́n dé kí Oyèkànmí tó rántí pé òun kò ro ibi tí ọkọ̀ yóò máa sùn. Kò sì sí àyè fún ìrònú. Ọ̀tún títì ni òfin tuntun ní kí wọ́n gbà, òun náà sì jókòó sápá ọ̀tún, gọ́tà ni ó ń bá wojú. Ìyá rẹ̀ ló súnmọ́ àárín títì. Lọ́rì kan bàjẹ́ síwájú wọn, ó dí ọ̀nà pa. Oyèkànmí na ọrùn, ara lọ́rì nìkan ló ń rí.

"Ìyá, ẹ bá mi wo iwájú. Sé nǹkan ń bọ̀?"

Ó ti rọra yọ imú ọkọ̀ sí àárín títì.

"Ó ń bọ̀."

"Lápá wo, Ìyá?"

"Lápá àl..." Tírélà fun fèrè, ilẹ̀ mì. "Òsì, Àkànmú. Òsì."

Ó fà á sí ọ̀tún. Kókósẹ̀ méjèèjì gbọ́ràn. Tírélà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí gèlè kúrò lórí ìyá, ó sì gbé e lọ. Ọkọ̀ kò ní òrùlé tí yóò dá a dúró.

Wọ́n yí lọ́rì náà kọjá.

"Ẹ pè é, Ìyá."

"Mo gbọ́." Irun funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó pa ètè rẹ̀ méjèèjì mọ́ra bí ẹni tó ní nǹkan lẹ́nu. "Sé omi wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Kò sí, Ìyá."

"Á jẹ́ pé o ò gbọdọ̀ dúró nìyẹn, títí a ó fi débi tí omi tó mọ́ wà."